Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Léèrè: Ìgbà Wo Ló Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń yí ká: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé pérépéré lánàá, tó wá ń sọ kántankàntan lónìí. Mo mú mẹ́fà nínú wọn. Mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò. Ẹ rántí pé èmi kì í ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mò ń sọ.

*

*Bàbá mi, ẹni ọdún 71, jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́bọ̀ kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó nínú ilé. Kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ ọ. Nígbà tó di alẹ́, ara wọn gbóná. Ní Jímọ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ti kú ni wọ́n fi ń pe màmá mi. Oníkẹ́mísì àdúgbò fún wọn ní oògùn ibà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní wọ́n ti ń ṣarán nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe wọ́n, ká gbé wọn lọ sórí òkè. Ní Sátidé, gìrì gbé wọn, la bá sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ ọpọlọ wọn. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi gba oògùn sínú iṣan. Wọ́n ti padà sílé, wọ́n mọ gbogbo wa, àmọ́ wọn ò rántí nǹkan kan nípa oṣù yẹn. Kí ló ṣe wọ́n gan-an? Ṣé ó lè ran àwọn ọmọ mi? Ṣé ó lè padà?* — A.O., Ìbàdàn

A.O., ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ kú àmójúbà pé wọ́n padà sílé lẹ́sẹ̀ ara wọn.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn náà ni encephalitis. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló wú nítorí pé fáírọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀. Bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ náà, òórùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ara gbígbóná, dída orúkọ rú, lẹ́yìn náà gìrì, herpes simplex ni fáírọ́ọ̀sì tó sábà máa ń wà nídìí irú rẹ̀. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ló máa ń bá jà. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń mọ òórùn, ibẹ̀ náà ni ohun tuntun tí a bá rí tàbí tí a bá gbọ́ ti ń wọlé kí ó tó di ohun tí a lè rántí. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi gbọ́ òórùn rọ́bà, ìdí náà nìyẹn tí oṣù kan fi pòórá mọ́ wọn lọ́wọ́. Oṣù yẹn kò ní padà wá, ẹ má fi ìbéèrè dá wọn lágara lórí rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Òun kan náà ló ń yọ iléròrò wẹ́wẹ́ sí wa létí ètè nígbà tí ibà bá ṣe wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí kò tíì pé ẹni ọdún 50 lágbàáyé ló ní in lára. Láti kékeré la ti ń kó o, á sì fara pamọ́ sínú iṣan tó ń lọ sí ojú, á máa sùn síbẹ̀. Kó wá gbéra lọ sínú ọpọlọ, èèyàn méjì sí mẹ́rin péré nínú mílíọ̀nù kan ló ń ṣẹlẹ̀ sí lọ́dún kan. Ó lè mú ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní ọdún 50 ló ń mú jù, nítorí agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà máa ń rẹlẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló fi ṣe wọ́n. Ẹ bá mi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ èyí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá yín, nítorí irú ìfura bẹ́ẹ̀ ti tú ilé tó dáa ká lójú mi. Ọpọlọ wíwú náà kì í ràn. Kí àwọn ọmọ yín jókòó ti bàbá àgbà wọn, kí wọ́n bá wọn jẹun.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín sọ ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí dúró tì. Arán kì í dé lọ́jọ́bọ̀. Oṣù ló máa ń gbà, ọdún ló máa ń gbà. Bàbá á kọ́kọ́ máa gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì á ṣìnà níbi tó ti ń gbà kọjá látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, tí kò wá mọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ní Jímọ̀, àìsàn ló ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ àìsàn tó ní oògùn. Tí ẹ bá ti dé ọsibítù, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ ní láti dáhùn ni pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ má sọ pé "ó ti ṣe díẹ̀." Ẹ dárúkọ ọjọ́. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe dáadáa títí di ọjọ́ yẹn: pé ó ń ka ìwé, pé ó ń ka owó, pé ó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Dókítà tí kò rí i rí kò lè mọ irú èèyàn tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

A tilẹ̀ máa ń yára dá àgbàlagbà wa lẹ́jọ́ arán jù. Ní 1992, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè lẹ́yìn ní Ìdíkàn, nílùú yín níbẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn nílùú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà Ìdíkàn, 1.35 ni arán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Arán kò pọ̀ láàárín wa tó bí ó ṣe ń yá wa lẹ́nu.

Ohun mìíràn tó ń tan àwọn ará ilé jẹ ni pé ara àgbàlagbà lè má gbóná púpọ̀. Ọmọdé tó ní irú àìsàn yìí á gbóná bí ààrò, ti bàbá ẹni ọdún 75 lè máà ju kí ọwọ́ kan ara rẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rántí bàbá kan tí wọ́n fi okùn dè wá sí wọ́ọ̀dù wa, akọ̀wé rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti ń lu àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń bú gbogbo ayé. Ilé àdúrà ni wọ́n ti ń bọ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná rárá débi tí èèyàn á fi kọminú. Ìyàwó rẹ̀ ló là wá lójú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọkọ mi ò fi ẹnu burúkú kàn mí rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀." Mo kọ gbólóhùn náà sínú fáìlì bó ṣe sọ ọ́ gan-an, òun ni dókítà sì gùn lé. A tú okùn, a fún un lóògùn. Kó tó lọ sílé, ó ti ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Nípa oníkẹ́mísì, n kò bá yín wí. Ibà la mọ̀, ibà ló wọ́pọ̀, dókítà gan-an á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á tún wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, nítorí ṣúgà tó bá wálẹ̀ jù lè dá irú wàhálà yìí sílẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Wọ́n á wo ìtọ̀, wọ́n á wo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá rọpárọsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibà yòówù tó bá ti da ọ̀rọ̀ rú lẹ́nu àgbàlagbà ti kọjá ohun tí kẹ́mísì lè wò. Ọjọ́ kan náà ni ká gbé e lọ.

Oògùn tí wọ́n fún bàbá, acyclovir ni mo gbà pé ó jẹ́. Kó tó dé, nínú èèyàn mẹ́wàá tí herpes bá wọ ọpọlọ wọn, nǹkan bí méje ló ń kú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sweden, tó jáde ní 1984, àti ti Amẹ́ríkà tó jáde ní 1986 ló yí i padà: nínú àwọn tó gba oògùn yìí ní Amẹ́ríkà, èèyàn 28 nínú 100 ló kú, nígbà tí èèyàn 54 kú nínú 100 àwọn tó gba oògùn àtijọ́. Obìnrin kan, Gertrude Elion, wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn bí acyclovir, wọ́n sì fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Èmi a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn nínú àdúrà mi.

Wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń fà á sínú iṣan, fún ọjọ́ 14 sí 21. Oníhóró kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí èyí tó ń dé inú ọpọlọ nínú rẹ̀ kò tó. Bí ara bá tilẹ̀ ti balẹ̀ lọ́jọ́ keje, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó tàbí àárẹ̀ gé e kúrú. Kíndìnrín àgbàlagbà kì í sì í yára bíi ti ọ̀dọ́, oògùn yìí lè kó sínú rẹ̀, tó bá sì pọ̀ jù nínú ara, òun fúnra rẹ̀ lè tún da orí rú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa omi sí wọn lára, tí wọ́n ń wọn ìtọ̀, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn lemọ́lemọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń tà á o.

Ṣé ó lè padà? Kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lára àwọn kan pé àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn á kọjú ìjà sí ọpọlọ. Tí bàbá bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí, tí wọn kò sùn, tí ẹnu tàbí ọwọ́ wọn ń ṣe ohun tí wọn kò rán an, tàbí tí gìrì tún dé, ẹ padà síbi tí wọ́n ti tọ́jú wọn, kí ẹ sì mú ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ dání. Èyí náà ní ìtọ́jú tirẹ̀.

*

*Wọ́n fẹ́ fa omi ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi ní ọsibítù. Àǹtí ọkọ mi fi igbe ta pé omi ọpọlọ ni, pé ẹni tí wọ́n bá fà á fún á rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi ṣe àríyànjiyàn kí wọ́n tó gbà. Èmi ìyàwó ilé, n kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ?* — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, kì í ṣe òótọ́, mo sì mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá. Aláìsàn tí wọ́n fẹ́ fa omi ẹ̀yìn fún ti máa ń wà nínú ewu tẹ́lẹ̀. Tí ẹbí bá wá fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta jà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, tí aláìsàn sì kú lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn á dá lẹ́bi.

Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn kò gùn dé ìdí. Òkè ìbàdí níbẹ̀ ló ti parí, ìsàlẹ̀ ibi tó parí sí ni abẹ́rẹ́ ń wọlé. Gbogbo omi tó yí ọpọlọ àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi 150 mílílítà, ara sì ń ṣe nǹkan bí 500 tuntun lóòjọ́. Ṣíbí díẹ̀ ni wọ́n ń mú, ara á sì ti dí i kó tó di ọjọ́ kejì. Orí lè fọ́ ọ díẹ̀, ẹ̀yìn lè dùn ún. Ohun tó yẹ kí ẹbí sọ fún dókítà láìfi pamọ́ ni bí màmá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí ìyẹn lè mú kí wọ́n sún un síwájú. Bí wọ́n bá sì fura pé nǹkan ti há mọ́ inú orí, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe síkáànù.

Omi yẹn ló ń sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì ni tàbí kòkòrò mìíràn tí oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Tí wọ́n bá fà á ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì àìsàn, ó lè má tíì fi fáírọ́ọ̀sì hàn, nítorí náà bí dókítà bá ní àwọn fẹ́ tún un fà, ẹ má rò pé wọn ò mọ iṣẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ẹ ní ẹ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé tó ń sùn ti ìyá ọkọ ní wọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí àwọn àgbà bá ń jà, ẹ pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè máa fún wọn ní oògùn fáírọ́ọ̀sì náà lọ títí ọ̀rọ̀ á fi lójú?" Dókítà tó mọ̀ ọ́n kì í dúró de èsì kó tó bẹ̀rẹ̀ acyclovir. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí a bá jẹ, inú ọpọlọ la ti ń jẹ ẹ́.

*

*Màmá mi, ẹni ọdún 74, ti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá wa tọ́jú ìkókó ní Houston. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń jókòó sí lálẹ́ torí wọ́n ní ẹ́síì ń dun àwọn léegun. Wọ́n ń kéde pé ẹ̀fọn tó ní fáírọ́ọ̀sì West Nile wà lágbègbè wa. Màmá ní ẹ̀fọn Ìjẹ̀bú ti jẹ òun tó, pé kí ni ẹ̀fọn òyìnbó fẹ́ ṣe?* — T.B., Houston, Texas

Ẹ bá mi kí màmá o. Wọ́n sọ nǹkan kan tó ní ìtumọ̀. Àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti rí àmì West Nile nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa látijọ́, torí náà ó lè jẹ́ pé ara màmá ti bá a pàdé rí. Ṣùgbọ́n a ò kọ ọ́ sí wọn níwájú orí, n kò sì ní í fi ẹni ọdún 74 ta tẹ́tẹ́.

Uganda ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ní agbègbè West Nile, níbi tí wọ́n ti rí i lára obìnrin kan ní 1937. Ara ẹyẹ ló ń gbé, ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ ló ń gbé e wá fún wa. Ní 1999 ló kọ́kọ́ ṣọṣẹ́ ní New York: èèyàn 62 ṣàìsàn, 7 kú. Ní 2012, ó mú èèyàn 5,674 ní Amẹ́ríkà, 286 kú, Texas tiyín yẹn ni ó sì ti le jù. Nínú mẹ́wàá tó bá kó o, mẹ́jọ ò ní mọ̀ rárá. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 150 ló ń wọ ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 60 ni ewu yẹn pọ̀ fún jù: orí fífọ́ tó lágbára, ọrùn tó gan, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tó dàrú, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ kan á rọ bíi ti ọmọ tí pólíò ṣe. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún èèyàn, kò sì ní oògùn tirẹ̀. Ìtọ́jú ara ni wọ́n ń ṣe títí ara á fi borí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀fọn la ó bá jà. Láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí ni irú ẹ̀fọn yìí ń jẹni. Kí màmá jókòó síta láàárọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti yọ, kí wọ́n wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí wọ́n bá yarí, ẹ fún wọn ní aṣọ alápá gígùn àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, èyí tó ní DEET tàbí picaridin, ra wọ́n lára. Ẹ da omi tó bá dúró sínú ìkòkò òdòdó àti táyà nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ pa ẹ́síì yàrá wọn, ẹ ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, nítorí ìdí tí wọ́n fi ń sá jáde ni ká kọ́kọ́ wò.

Mo mọ ohun mìíràn tó ń da ọkàn àwọn ọmọ wa láàmú níbẹ̀: òbí tó wá kí wọn kò ní ìwé adójútòfò ìlera. Wọ́n á máa fi Tylenol, parasitámọ́ọ̀lù ti ibẹ̀, tọ́jú ìyá wọn nílé nítorí ẹ̀rù owó. Láti 1986 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀ka pàjáwìrì gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n sì dóòlà ẹ̀mí rẹ̀, yálà ó lówó tàbí kò lówó. Bíìlì á wá lóòótọ́, àmọ́ ó ṣeé bá wọn dúnàádúrà lórí rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá dàrú lẹ́nu màmá, ẹ pe 911 lálẹ́ ọjọ́ náà.

*

*Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 72. NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́ shingles, wọ́n ju ìwé náà nù. Ṣé òótọ́ ni pé shingles lè dé ọpọlọ?* — K.A., Peckham, London

Òótọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì ṣíkìnpọ́ọ̀sì tó ṣe wọ́n ní kékeré kò kúrò lára wọn, inú iṣan ló sùn sí. Tó bá jí lọ́jọ́ alẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní shingles: ẹ̀gbẹ́ kan ara ni iléròrò rẹ̀ máa ń yọ sí bí ìgbànú, á sì máa ta wọ́n bí iná. Èyí tó bá yọ sí ojú tàbí etí ló léwu jù. Ó lè wọ ọpọlọ, ó lè wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ kó sì fa rọpárọsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fúnni báyìí kò ní fáírọ́ọ̀sì alààyè nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á. Apá á dùn wọ́n, ara lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ yín fún ẹni ọdún 70 sí 79, ọdún mélòó kan péré ló sì kù fún bàbá kí wọ́n tó kọjá ibẹ̀. Ẹ pe GP wọn, dókítà àdúgbò tó ń tọ́jú wọn. Wọn ò nílò ìwé tí wọ́n jù nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tí irú iléròrò bẹ́ẹ̀ bá yọ lára àgbàlagbà, kí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá ni kí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ má fi àdí rà á kí ẹ máa wò ó.

*

*Ìyá mi, ẹni ọdún 69, ti kúrò ní ọsibítù láti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì wọ ọpọlọ wọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ń béèrè bàbá mi tó kú ní 2016. Bí mo bá sọ pé ó ti kú, wọ́n á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọ́n ń bínú sódì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ń sọ pé kí wọ́n tẹ ìka sí ìwé ilé kí nǹkan tó burú jù báyìí. Ó ti sú mi.* — F.J., Adó-Èkìtì

F.J., ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá.

Ohun tí ọpọlọ màmá pàdánù ni ilẹ̀kùn tí ohun tuntun ń gbà wọlé. Ohun àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ní ọkọ, ìròyìn ikú rẹ̀ ni kò dúró. Nítorí náà, ẹ má tú u fún wọn mọ́. Tí wọ́n bá béèrè bàbá, ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni bàbá fẹ́ràn láti máa jẹ?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ọkàn wọn á balẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ẹ pa. Ẹni tó ń sunkún ọ̀fọ̀ lákọ̀tun lójoojúmọ́, ìyà nìyẹn, kò sì sí ìwòsàn nínú rẹ̀.

Orin kì í tètè lọ. Olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Clive Wearing, ni àìsàn yìí kan náà kọ lù ní 1985. Kò lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, síbẹ̀ ó ṣì ń tẹ dùùrù. Ẹ bá màmá kọ orin tí wọ́n mọ̀ ní kékeré, ti ìjọ wọn tàbí ti ẹgbẹ́ wọn, pàápàá tí ìbínú bá ń bọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó wà nílé àti ohun tí a ó jẹ sára bọ́ọ̀dù ńlá kan, kí ẹ máa pa á rẹ́ kí ẹ tún un kọ láràárọ̀. Kí ohun gbogbo máa wáyé ní àkókò kan náà. Ẹ ti gáàsì pa láti orí sílíńdà. Oògùn gìrì tí wọ́n fún wọn, ẹ má dá a dúró nítorí pé gìrì ò gbé wọn mọ́. Oògùn náà ni kò jẹ́ kó gbé wọn. Ọpọlọ ṣì lè máa tún ara rẹ̀ ṣe fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tí ẹ ń rí lóṣù kẹrin kọ́ ni ìparí.

Ìwé ilé ńkọ́? Rárá. Ẹni tí kò lè di ohun tí a sọ fún un mú títí tí a fi máa sọ ọ́ tán, ìka rẹ̀ kò lè dúró fún ohùn rẹ̀. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò bóyá òye ohun tí wọ́n ń tẹ ìka sí yé wọn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi èyí han ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá tó bẹ́ẹ̀, kó wá máa gba màmá lọ́wọ́ yín ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ lè sùn.

*

*Ẹ jọ̀ọ́ mà, ajá kan gé ìyá ìyá mi jẹ ní ojúgun ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ajá náà ti sá lọ. Wọ́n fi epo pupa pa ojú egbò náà, wọ́n ní ó ti ń san. Ṣé ó tún yẹ ká lọ sí ọsibítù?* — Ọmọ ọdún 19, Ìsẹ́yìn

Ọmọ mi, lẹ́tà rẹ kò lè dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yìí máa jáde, olóòtú ti pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ tó dé. Mo tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn ẹlòmíràn.

Dìgbòlugi náà, fáírọ́ọ̀sì tó ń wọ ọpọlọ ni, òun ló sì burú jù nínú gbogbo wọn. Ojú iṣan ló ń gbà gòkè láti ibi tí ajá ti bunijẹ, ó lè lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà, egbò á sì ti jinná. Tí ẹni náà bá ti wá ń bẹ̀rù omi, tí ọ̀fun rẹ̀ ń há, kò sí ohun tí èmi tàbí dókítà lè ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé ọpọlọ, abẹ́rẹ́ lè dá a dúró. Bí ajá bá ti géni jẹ, a ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, ká fi aago wò ó, ká má fi epo tàbí nǹkan mìíràn sí i, ká sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ọjọ́ bá ti lọ lórí rẹ̀, ẹ ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí màmá máa padà sí ìwé, kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kankan. Tẹ́tánọ́ọ̀sì náà, béèrè rẹ̀. Tí ajá bá ya ẹran ara tàbí tí ẹ̀jẹ̀ jáde, bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n ń gún yí ojú egbò ká.

Nọ́ńbà olóòtú ti wà lọ́wọ́ rẹ. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí màmá bá gba èkejì, kí n mọ̀.